Níbo ni Iṣẹ́ Wà Nínú Iṣẹ́ Yìí?

Ní PZ, ní Sabon Gari Zaria, obìnrin atẹ̀wé kan wà tí mo gbà pé kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ahmadu Bello University tó mọ ìwé kà tó o. Mi ò sọ pé ó kàwé jù wọ́n lọ o. Ìwé kíkà ni mo sọ. Irú ìwé kan ṣoṣo ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀: ìwé tí wọ́n fi ń pe èèyàn síbi iṣẹ́ tí wọ́n ní á máa jókòó sílé ṣe, tí owó á sì máa wá bá a níbẹ̀. Kó tó ka ìlà mẹ́ta, ó ti mọ irú ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tí ẹni náà ń wá.

PZ yìí, orúkọ ilé iṣẹ́ Paterson Zochonis ni, àwọn oníṣòwò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò ní Sierra Leone ní 1879, tí wọ́n sì ṣí ẹ̀ka ní Èkó ní 1899. Lẹ́nu oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé èrò láti Samaru tàbí Kwangila, kò sẹ́ni tó ń rántí ilé iṣẹ́ kankan mọ́, ibi tí èèyàn ń sọ̀ ni PZ. Ṣọ́ọ̀bù fóònù wà níbẹ̀, báńkì wà, oní-POS wà lábẹ́ agboòrùn, àwọn tó ń tú fóònù palẹ̀ tí wọ́n ń tún un ṣe wà, àwọn atẹ̀wé náà sì wà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá obìnrin tí mo ń sọ yìí ti wá, Sabon Gari ni wọ́n bí òun sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, Hausa, Yorùbá, Ígbò, ọmọ Southern Kaduna, kò sí ẹni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn, nítorí náà Àǹtí ni èmi náà yóò máa pè é níbí.

Ìwé àjákọ kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí oníbàárà tó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà ń kọ orúkọ sí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 ló ní kí oníkáfè máa ṣe bẹ́ẹ̀, abala keje rẹ̀. Mi ò rí káfè púpọ̀ tó ń tẹ̀lé e. Àǹtí ń tẹ̀lé e, ó sì máa ń ka orúkọ náà kí ẹni tó kọ ọ́ tó jókòó.

Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn kì í wá bá a pé kó wò ó bóyá jìbìtì ni. Wọ́n ń wá tẹ̀wé jáde ni. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ti bọ́ sínú WhatsApp tàbí ímeèlì wọn, wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ padà pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù. Bó ṣe jẹ́ pé ojú Àǹtí ni ojú kejì tó ń rí ìwé náà nìyẹn, nígbà tí owó ò tíì kúrò lọ́wọ́ olówó.

Ìwé tòótọ́ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ gidi tó ti gba abẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kọjá kò lóǹkà: ti olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì, ti ọlọ́dẹ, ti ọmọ tó ríṣẹ́ sí ilé epo. Ìwé tòótọ́ máa ń súni. Nọ́ńbà fáìlì wà lókè rẹ̀, ọjọ́ wà, ipele owó oṣù wà, orúkọ ọ̀gá tí èèyàn máa lọ rí wà, àwọn ìwé ẹ̀rí tó máa kó dání wà, ọsibítù tó máa lọ fún àyẹ̀wò ara wà. Wọn kì í kí èèyàn kú oríire ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà mìíràn wọn kì í tilẹ̀ kí i rárá. Èyí tí àwọn gbájúẹ̀ ń kọ, kú oríire ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Èmi náà máa ń gbé iṣẹ́ títẹ̀ lọ bá a, mo sì wà lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ti Samaru wá. Nọ́ńbà tó kọ̀wé sí i bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +63, ìyẹn ti Philippines. Ẹni náà ní òun ni ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan, iṣẹ́ náà kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lójúmọ́, owó tó máa wọlé á wà láàárín N8,000 sí N25,000. Ọmọ náà fẹ́ tẹ àdéhùn jáde kó fọwọ́ sí i. Mo rò pé nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè yẹn ni Àǹtí máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Kò mẹ́nu bà á. Ó bi í ní Hausa pé, “Wane irin aiki ne?” Irú iṣẹ́ wo ni?

Ọmọ náà ní iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni.

“Mo gbọ́. Kí ni wàá máa ṣe?”

“Màá máa tẹ láìkì sórí fídíò ni, Àǹtí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, màá ya ojú fóònù mi, màá fi ránṣẹ́.”

“Láìkì ọ̀hún, ta ló ń rà á?”

Ọmọ náà ò mọ̀. Àmọ́ ó ní wọ́n ti sanwó, ó sì fi álẹ́ẹ̀tì hàn wá: N1,500, ó ti wọ àkáǹtì rẹ̀ lóòótọ́. Ibí yìí ni mo ti rí i pé obìnrin yìí mọ iṣẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ti rẹ́rìn-ín, tàbí kó ní irọ́ ni. Kò jiyàn pé owó náà wọlé. Ó ní, “Ó dára, wọ́n san án. Wọn ò tíì béèrè tiwọn ni.”

Ká má parọ́, ẹni tó gbé irú jìbìtì yìí kalẹ̀ ní ọpọlọ. N1,500 yẹn ni owó ìjẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á kó ọmọ náà kúrò lórí WhatsApp lọ sí Telegram, sínú ẹgbẹ́ tí àwọn “òṣìṣẹ́” bíi tirẹ̀ ti ń fi álẹ́ẹ̀tì hàn ara wọn tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá; ó lè jẹ́ ènìyàn méjì péré ló ń fi orúkọ ogún sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fún un ní ojú ewé kan tí yóò máa fi wo iye tó ti jẹ, iye náà á sì máa gòkè. Nígbà tó bá yá, iṣẹ́ kan á dé tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fowó sí kó tó ṣe é: san N10,000, gba N14,000. Á gbà á lóòótọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ N50,000, tí wọ́n á wá ní ó ti ṣe àṣìṣe kan, gbèsè ti wọ ojú ewé rẹ̀, àfi kó san N120,000 kó tó lè yọ gbogbo owó tó ti jẹ. Bó bá san án, wọ́n á ní owó orí ló kù.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, FTC, ti kà wọ́n. Ní 2020, kò sẹ́ni tó mú ẹjọ́ irú rẹ̀ wá. Ní 2023, ẹjọ́ náà tó 5,000. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ní 2024 nìkan, ó ti tó 20,000, owó tí àwọn èèyàn sì ní àwọn pàdánù sínú oríṣiríṣi jìbìtì iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà ọ̀hún lé ní mílíọ̀nù 220 dọ́là. Bí àwọn tó ní àjọ tó ń kìlọ̀ fún wọn lójoojúmọ́ bá ń kó sínú rẹ̀ báyìí, ẹ má bínú sí ọmọ Samaru.

Àǹtí ò ka nọ́ńbà kankan fún un. Ó ní kó ṣí ojú ewé tí iye owó náà wà, ó sì bi í pé báńkì wo ló ni ojú ewé yẹn. Kò sí báńkì kankan níbẹ̀. Àwọn oníjìbìtì fúnra wọn ló ń kọ iye síbẹ̀. Bó bá wù wọ́n, wọ́n lè kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì ń gbé kiri: “Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni owó sísan, ìwọ sì ni wọ́n fẹ́ kó máa ṣe é.”

Ohun tó ń wá nínú gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé dé iwájú rẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ gan-an. Ìwé iṣẹ́ lè sọ̀rọ̀ nípa owó, nípa àǹfààní, nípa bí èèyàn ṣe máa dá ara rẹ̀ sílẹ̀ lómìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, kó tó ojú ewé mẹ́ta, kó má sì sí ìlà kan tó sọ ohun tí ọwọ́ ẹni náà máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Oníjìbìtì lè ya àmì ilé iṣẹ́, ó lè jí fọ́tò ọ̀gá àgbà, ó lè ra nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ tí kò sí ló ṣòro fún un láti ṣàpèjúwe.

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí ju àwọn àmì tí wọ́n máa ń kà fún wa lọ, nítorí àmì ń yí padà. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé kí á wo Gẹ̀ẹ́sì inú lẹ́tà, pé Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọ́, oníjìbìtì ló kọ ọ́. Àǹtí náà ń lo èyí nígbà kan. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹni tí kò lè kọ gbólóhùn kan gúnlẹ̀ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán gbinrin ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́tà ọ̀gá ilé ìwé aládàáni gidi kan ní Tudun Wada lè kún fún àṣìṣe. Bí lẹ́tà bá ti dán jù báyìí, Àǹtí á tún un kà.

Àwọn ọgbọ́n ọwọ́ kan tún wà tó ń lò lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, èyí tó sì dùn mọ́ mi jù nínú wọn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí wọ́n bá ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì tí èèyàn máa sanwó sí, nọ́ńbà mẹ́wàá tí gbogbo àkáǹtì Nàìjíríà ń jẹ́, á ṣí áàpù báńkì tirẹ̀, á ṣe bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́. Á tẹ nọ́ńbà náà sí i, á mú báńkì, á sì dúró. Kò ní tẹ iye kankan. Orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á yọ. Á wá yí fóònù sí oníbàárà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní òun wà ní Toronto, tó ní òṣìṣẹ́ kárí ayé, orúkọ ọmọ ẹnì kan ló yọ níbẹ̀, orúkọ mẹ́ta gbáko, lórí àkáǹtì orí fóònù. Kì í sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ní ojú á kà á.

Adírẹ́sì ojú ewé ńkọ́? Ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń kà á lọ sí òsì, bí àwọn ọmọ kéwú ìlú Zaria ṣe ń ka wàláà. Iṣẹ́ aṣọ́bodè kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ti ilé ṣe, àmọ́ òun ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́: customs.gov.ng ni ojúlówó, nítorí .gov.ng ló parí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ customs.gov.ng tán, tó fi àmì kan lé e, tó wá fi ọ̀rọ̀ mìíràn àti .com parí rẹ̀, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ni ojú ewé náà, kò kan aṣọ́bodè kankan. Ó tún máa ń wo ọjọ́ tí wọ́n ra orúkọ náà, nítorí ibi tí èèyàn ti lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́ wà. Ilé iṣẹ́ tó ní òun ti pé ogún ọdún, tí orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan, ó ní láti sọ tẹnu rẹ̀.

Ti CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kì í fi ṣe ẹ̀rí ńlá. Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ ilé iṣẹ́ lórí ojú ewé wọn, òun náà máa ń wá a. Àmọ́ gbájúẹ̀ náà lè forúkọ sílẹ̀, ó sì lè mú nọ́ńbà RC ilé iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kọ sórí lẹ́tà tirẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni pé ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, olè ni. Àdéhùn tí ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 1997 lórí àwọn aládàáni tó ń báni wáṣẹ́ náà sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ bu owó kankan lé òṣìṣẹ́ lórí. Ó dára, ṣùgbọ́n ìlú wa kì í jẹ́ kí òfin rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní 2014, àjọ Immigration ti ìjọba àpapọ̀ ń gbani síṣẹ́, N1,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san kó tó kọ orúkọ, wọ́n sì kó wọn jọ sí àwọn pápá ìṣeré ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta, èèyàn tó lé ní mẹ́wàá ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ìjọba gidi ni, owó gidi ni, fọ́ọ̀mù gidi ni. Lónìí náà, Upwork, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń rí iṣẹ́ ṣe fún àwọn ará òkèèrè, ń ta ohun kan tí wọ́n ń pè ní Connects, tí èèyàn fi ń nawọ́ sí iṣẹ́. Ẹni tó bá gbá òfin “má sanwó” mú láìwo ohun mìíràn, á sá fún Upwork, kò sì ní sá fún ẹni tí kì í gba owó, tó jẹ́ pé BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní báńkì) àti OTP (nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́) nìkan ló ń béèrè. Àǹtí kì í béèrè bóyá owó wà níbẹ̀. Ó ń béèrè ohun tí owó náà rà, àti ọwọ́ ẹni tó bọ́ sí.

Ìdí tí oníbàárà fi ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀ kò fara sin. Oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti Oṣù Kejì dé Oṣù Kẹwàá, àwọn ọmọ Samaru sì ń wo fóònù lójoojúmọ́. Ní 2023, náírà já bọ́. Dọ́là tí báńkì ń tà ní nǹkan bíi N460 ti kọjá N1,400 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ N70,000 láti 2024. Bí ẹnì kan bá ní òun á san 300 dọ́là lóṣù fún ọ nínú yàrá rẹ, ìwọ náà mú bírò kí o ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ irú rẹ̀ sì wà lóòótọ́, ojúlówó tó wà yìí ni ayédèrú ń fara pa mọ́ sí lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá kan, ará Ọ̀fà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé. Wọ́n ní á máa kó àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti ilé, N350,000 lóṣù, kó san N18,500 fún sọ́fítíwíà. Inú màmá náà dùn débi pé ó ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Sísọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé wọ́n fẹ́ lù ú ní jìbìtì, iṣẹ́ mìíràn ni, kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ jìbìtì yàtọ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi igbe sọ ọ́ fún àgbàlagbà, tí àgbàlagbà á sì lọ sanwó náà kó lè fi hàn pé òun kì í ṣe òmùgọ̀.

Àǹtí ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó sanwó.” Ó gba fóònù náà, ó sì tẹ ìbéèrè sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀: láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán lọ́jọ́ Ajé, kí ni màá máa ṣe, ta ni màá máa fi í ránṣẹ́ sí, báwo sì ni ẹni náà ṣe máa mọ̀ pé mo ṣe é dáadáa? Ó dá fóònù padà fún màmá, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹlòmíràn tó ń tẹ̀.

Èsì dé kíá: ààyè méjì péré ló kù, kí màmá sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú. Àǹtí ò gbójú sókè, ó ní kí màmá fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó má yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ọkùnrin kan ló dé, ó ń gbàdúrà fún màmá, ó ní Ọlọ́run ló fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i. Màmá ṣe àmín. Ó tún fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Wọ́n dí nọ́ńbà rẹ̀ pa.

Màmá wò wá. “Wọn ò dáhùn ìbéèrè,” ó ní. “Ọmọ tó bá ṣe báyìí ní kíláàsì mi, òdo ni màá fún un.”

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n fẹ́ lù ú ní jìbìtì. Òun ló máàkì ìwé wọn, òun ló fún wọn ní òdo, tó sì lọ sílé pẹ̀lú N18,500 rẹ̀. Mo ti bá amòfin àti akọ̀ròyìn ṣe pọ̀, mi ò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ bí obìnrin yìí.

Irú ìwé kan wà tí kì í fi sùúrù kà. Èyí náà ní iṣẹ́ nínú, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Wọ́n á ní ìwọ ni wàá máa ṣe akápò fún ilé iṣẹ́ kan: owó á wọ àkáǹtì rẹ, wàá yọ ìdá mẹ́wàá rẹ, wàá fi ìyókù ránṣẹ́ síbi tí wọ́n bá ní. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà. Owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì níbòmíràn ló ń gba àkáǹtì ọmọ náà kọjá, bí ọlọ́pàá bá sì tọ ipa owó, ẹnu ọ̀nà ọmọ náà ni wọ́n á kàn. Ohùn Àǹtí máa ń le síbí yìí. Ó máa ń rán wọn létí ilé alájà méje tí EFCC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì, ya wọ̀ ní Victoria Island, Èkó, ní ọjọ́ 10 Oṣù Kejìlá 2024, níbi tí wọ́n ti kó èèyàn 792, tí 148 nínú wọn jẹ́ ará Ṣáínà. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa fi orúkọ tí kì í ṣe tiwọn bá àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sọ̀rọ̀ ìfẹ́, kí wọ́n sì fà wọ́n wọ inú òwò kírípítò tí kò sí. Tábìlì wà, àga wà, owó oṣù wà. Fún irú èyí, ìbéèrè rẹ̀ gùn díẹ̀ sí i: iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe yìí, ta ni o ń ṣe é sí?

Àwọn kan á ní ṣebí òfin four-one-nine tó de jìbìtì kò dé àríwá, nítorí inú Criminal Code ti gúúsù ni abala 419 wà, Penal Code ni wọ́n ń lò níhìn-ín. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2006 lórí jìbìtì gbígba owó ṣáájú kó gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà pọ̀.

Àwọn tó ti sanwó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, kì í bá wọn wí. Báńkì ló ń lé wọn lọ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n má tilẹ̀ jókòó, nítorí owó tí kò tíì kúrò nínú àkáǹtì kejì ni báńkì lè dá dúró. Ó sì máa ń sọ fún wọn ṣáájú pé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan á pè wọ́n pé òun lè bá wọn gba owó náà padà, tí wọ́n bá lè san díẹ̀. Àwọn oníjìbìtì kan náà ni, tàbí ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n ta nọ́ńbà ẹni náà fún.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ọjọ́ tó sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni.” Ọmọbìnrin kan láti Kongo, ní Zaria níbí, gbé ímeèlì kan wá tí èmi gan-an ti dá lẹ́jọ́ lọ́kàn mi. Ilé iṣẹ́ òkèèrè tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni, kò sí ẹni tó ti fojú kan ẹnikẹ́ni, wọn ò ní pe èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, dọ́là ni wọ́n á san. Iṣẹ́ náà ni pé kí ó máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń sọ Hausa, kó sì máa kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi kọ́ ẹ̀rọ bí Hausa ṣe ń dún. Gbogbo àmì tí wọ́n máa ń kìlọ̀ rẹ̀ ló pé síbẹ̀.

Àǹtí ní kó tẹ ìwé ìlànà wọn jáde. Ó gùn, ó sì kà á lójú ewé-ojú ewé, nígbà tí àwọn tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì ń pariwo lẹ́yìn wa. Ìwé náà sọ bí wọ́n ṣe máa kọ nọ́ńbà, bóyá lẹ́tà ni tàbí fígọ̀. Ó sọ ohun tí wọ́n máa kọ bí èèyàn méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹnì kan bá wúkọ́, bí ọ̀kadà bá kọjá nínú ohùn náà. Ojú ewé kan odindi wà lórí ɓ àti ɗ àti ƙ, àwọn lẹ́tà onírù tí àwọn tó ń fi fóònù kọ Hausa kì í bìkítà fún. Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà, wọ́n sì kọ iye àṣìṣe tó lè mú kí èèyàn fìdí rẹmi. Owó rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀, wákàtí ohùn ni wọ́n ń sanwó fún, wọ́n sì sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè lo wákàtí márùn-ún lórí wákàtí ohùn kan.

Nígbà tó dé ibi ɓ yẹn, ó rẹ́rìn-ín. “Oníjìbìtì wo ló ráyè èyí?” Ó ní kí ọmọ náà lọ ṣe ìdánwò, kó má fún wọn ní BVN, kó ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí owó á máa wọ̀, kó sì kọ wákàtí tó bá ṣe sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má gbẹ́kẹ̀ lé tiwọn. Lẹ́yìn náà ló bá a jà lórí ẹ̀rọ ìgbọ́hùn àfisétí tó wà lọ́rùn rẹ̀, pé irú èyí tí wọ́n ń tà lórí ilẹ̀ yẹn á fọ́ ọ létí kó tó gbọ́ ohùn wákàtí méjì, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tirẹ̀ hàn án, ó ní kó sọ pé Àǹtí ló rán òun, kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù fún un.